Màmá Fọláwẹ̀mí Bámigbóyè, Abánisunkún Láìbéèrè Ìjọ (1953–2025)

Ìgbòkòdá, nílẹ̀ Ìlàjẹ, ni wọ́n ti bí Màmá wa, Fọláwẹ̀mí Bámigbóyè, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1953, sínú ìdílé Mákinwá, ìdílé apẹja. Ìyá wọn ló kọ́ wọn ní ẹja yíyan. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá kà mọ, nítorí ọdún tí wọ́n ṣe tán níbẹ̀ ni bàbá wọn lọ sójú òkun tí kò padà wálé mọ́.

Lọ́dún 1974, Màmá fẹ́ Olóògbé Jeremáyà Bámigbóyè, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, àwọn méjèèjì sì kó wá sí Warri. Ọlọ́run fún wọn ní ọmọ mẹ́ta: Bọ́dúnrìn, Folúkẹ́ àti Hadassah. Bàbá kú lọ́dún 1991. Ẹja gbígbẹ tí Màmá ń tà ní ọjà Pessu ni wọ́n fi tọ́ àwa ọmọ wọn.

Ìjọ aláṣọ funfun kan lẹ́bàá odò ni Màmá ti ń jọ́sìn. Bọ́dúnrìn fi ìjọ náà sílẹ̀ lọ́dún 1998, ó ń lọ sí òmíràn ní àdúgbò Edjeba ní Warri. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, ọkọ̀ dà á sómi, ó sì kú lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélógún. Àwọn àgbà ìjọ Màmá ní àwọn kò lè sin ẹni tó ti kẹ̀yìn sí àwọn. Àwọn ti Edjeba ní kò tíì ṣèrìbọmi lọ́dọ̀ àwọn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni òkú náà fi wà ní ilé ìgbókùúsí, tí Màmá ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín ìjọ méjèèjì.

Díákónì Zachariah, ọmọ ẹ̀yà Okpe, oníbàárà wọn tó ń jọ́sìn nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Jeddo, ló wá bá wọn ní ìsọ̀. Ó ní, "Mama, make we go bury our pikin," pé ká lọ sin ọmọ wa. Àwọn tó dúró nínú òjò lọ́jọ́ ìsìnkú náà kò ju mẹ́jọ lọ. Èdè Okpe ni Díákónì fi gbàdúrà. Màmá kò gbọ́ èdè náà, síbẹ̀ wọ́n ṣe àmín.

Màmá kò fi ìjọ wọn sílẹ̀, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà, bí onígbàgbọ́ kan bá ṣàìsàn tàbí tó ṣọ̀fọ̀, Màmá á dé ibẹ̀, ìjọ yòówù kó máa lọ. Lọ́dún 2003, wọ́n kó àwọn obìnrin láti inú ìjọ márùn-ún jọ láti máa bẹ aláìsàn wò. Nígbà tí ìjọ wọn pè wọ́n lẹ́jọ́ lọ́dún 2006 pé wọ́n kúnlẹ̀ níbi pẹpẹ ẹlòmíràn, èsì Màmá ni pé, "Aláìsàn kì í bi mí níbi tí mo ti ń jọ́sìn kó tó gba omi lọ́wọ́ mi." Oṣù mẹ́ta ni ìjọ fi ní kí Màmá máa jókòó sẹ́yìn. Màmá jókòó síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 2019, obìnrin mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù nínú ẹgbẹ́ náà.

Ohun tó dun Màmá jù wà nínú ilé. Lọ́dún 2012, Folúkẹ́ kọ̀ láti wọ inú ìjọ tí wọ́n ti so Hadassah pọ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ìjọ tirẹ̀. Láti ìgbà náà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò jọ gbàdúrà mọ́. Àárọ̀ Kérésìmesì kọ̀ọ̀kan, Màmá á jẹun díẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n, wọ́n á gun ọ̀kadà lọ jẹ díẹ̀ nílé àbúrò. Wọn kò bá wa wí. Àwa méjèèjì, Folúkẹ́ àti Hadassah, la jọ kọ ìwé yìí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àrùn rọpárọsẹ̀ gba ohùn Màmá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, a kúnlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bẹ́ẹ̀dì wọn, a di ọwọ́ wọn mú, a sì jọ gba Àdúrà Olúwa. A kò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́. Ọwọ́ wọn ti tutù ká tó dé ìparí rẹ̀.

Màmá fi ọmọ méjì sílẹ̀, Folúkẹ́ àti Hadassah, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́fà, lára wọn Olúwaṣèyífúnmi àti Marvellous, tí wọ́n ń fi Píjìn bá Màmá sọ̀rọ̀ títí dé òpin.

Màmá, ó pẹ́ ká tó jọ gbàdúrà lójú yín. Ẹ dárí jì wá. Ẹ sùn jẹ́ẹ́ láyà Olúwa yín.