Mo Jọ̀wọ́ Ìjánu Àkànjí

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kejì, 1989. Igbó-Ọrà.

Mo ti dé. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko — ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì fọwọ́ sí i bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀. Ilé Àǹtí Mùnírátù, àbúrò ìyá mi, ni mo dé sí. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè mi ti là. Mo jẹun, mo sùn, mo jí, mo tún jẹun. Ìsinmi rèé.

Àǹtí ní Gàníyù, ọmọ Bàbá Ẹlẹ́ṣin ní agboolé kejì, máa ń mú àlejò gun ẹṣin lọ sí àpáta ńlá tó wà lọ́nà Ìdèrè, ó sì ń mú wọn padà. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ ẹṣin náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù fún wọn, òun náà ni bàbá ń gùn lọ sí Yídì lọ́jọ́ Iléyá. Mo ní mo máa gùn ún. Àǹtí ní, "Kíkẹ́lọmọ, ṣé orí rẹ pé báyìí?" Orí mi pé. Mo gbé kámẹ́rà wá láti Ìbàdàn. Ìbílọlá tó jókòó tì mí ní ọ́fíìsì ti fi fọ́tò Lọ́ńdọ̀nù rẹ̀ dààmú wa láti ọdún tó kọjá. Kí òun náà wá wo ẹni tó gun ẹṣin.

Ọjọ́rú, 8/2/89

Mo gun ẹṣin! Itan ń ro mí débi pé ìdùbúlẹ̀ ni mo fi ń kọ èyí.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹṣin náà pupa, ó ga, Àkànjí lorúkọ rẹ̀. Wọ́n fún un ní oríkì bí ọmọ bíbí inú wọn. Gàníyù á tó ọmọ ogójì ọdún, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu rẹ̀: ẹ rọra. Ẹ rọra gùn ún. Ẹ rọra jókòó. Díẹ̀ ló kù kó ní kí n rọra mí. Mo ti sọ ọ́ ní Rọra nínú ọkàn mi. Òun ń rìn níwájú, ó ń fa ẹṣin, èmi wà lókè bí olorì. A gba ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́, a gba oko bàrà tí wọ́n ti kórè rẹ̀. Gbogbo ẹni tí a pàdé ló kọ́kọ́ kí Àkànjí kí wọ́n tó kí mi.

Àpáta náà tẹ́jú, ó fẹ̀, ó sì funfun báláú: láfún ni. Ibẹ̀ ni gbogbo obìnrin àdúgbò ń sá láfún sí, olúkúlùkù ní ojú tirẹ̀, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ pààlà. Òórùn rẹ̀ kan díẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Oòrùn ṣì mú, àwọn tó ni ín ti lọ sábẹ́ igi lápá kejì. Rọra ní òun fẹ́ kí ìrun Alásàrí lẹ́yìn àpáta. Ó mú mi sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìjánu lé mi lọ́wọ́. "Àǹtí, ẹ má jọ̀wọ́ rẹ̀ o. Bó ti wù kó rí, ẹ má jọ̀wọ́ rẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́.

Mo jọ̀wọ́ rẹ̀.

Nítorí fọ́tò. Rọra ti ya èmi tẹ́lẹ̀, mo wá fẹ́ ya Àkànjí nìkan, kí òkè Ìdèrè hàn lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì sì ni kámẹ́rà yìí ń fẹ́. Mo sún sẹ́yìn. Mo tún sún sẹ́yìn. Mo ń wo inú gíláàsì kékeré yẹn, ni mo bá gbọ́ — rúmúrúmú. Kí n tó gbójú kúrò, Àkànjí ti wà láàárín láfún oníláfún, ó ń rún un bí gúgúrú. Mo fà á, kò tilẹ̀ wò mí. Mo fà á títí apá mi fi fẹ́ yẹ̀. Nígbà tó máa fi gbórí sókè, ó ti jẹ ibi tó fẹ̀ tó ẹní tán. Mo fi ìborùn mi nu ẹnu rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ tú ìyókù láfún náà ká, kó lè dà bíi pé kò dín. Kí ló sún mi dé bẹ̀? Ìtìjú ni. Mi ò fẹ́ kí Rọra rí mi bí ará ìgboro tí kò lè di okùn lásán mú.

Ó dé, ó gba ìjánu, ó ní ẹ ṣeun Àǹtí. A sọ̀ kalẹ̀ dé odò, ó ní kí Àkànjí mumi. Ó mu, ó mu, ó tún mu. Èmi tí mo mọ bí láfún gbígbẹ ṣe ń wú tí omi bá kàn án, mo jókòó sórí òkúta, mò ń wò ó, mo dákẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ikùn ẹṣin kì í ṣe ikùn ènìyàn.

Ọjọ́bọ̀, 9/2/89

Rọra ò mú Àkànjí jáde lónìí. Àǹtí ń rẹ́rìn-ín pé obìnrin kan ń ṣépè fún ewúrẹ́ tó jẹ láfún òun lórí àpáta. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 10/2/89

Mo lọ sílé Bàbá Ẹlẹ́ṣin lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àkànjí ti dùbúlẹ̀, ikùn rẹ̀ wú gbẹ̀ǹdẹ̀. Ó ń yí orí wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan ń gún un níbẹ̀. Wọ́n ti fi ìgò rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Wọ́n ti fà á rìn yí agboolé ká títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀. Dókítà ẹran tí wọ́n pè láti Erúwà gún un lábẹ́rẹ́, ó ní kí wọ́n máa gbàdúrà.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin fi igi tú ìgbẹ́ ẹṣin náà. Láfún. Gbogbo wa gbin. Ta ló fún ẹṣin ní láfún? Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ Màmá Abíọ́nà, àmọ́ kò pẹ́ tó fi di ọ̀rọ̀ gbogbo ẹnu. Opó ni, láfún ni iṣẹ́ rẹ̀, ilé rẹ̀ kọjú sí ibùso ẹṣin. Ní oṣù tó kọjá ó bá wọn jà nítorí ìgbẹ́ ẹṣin tó ń ṣàn lọ sídìí kànga rẹ̀, ó sì sọ lójú gbogbo ayé pé ẹṣin yìí á kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọdẹ sì ni ọkọ rẹ̀ tó kú. Ó parí. Wọ́n ní ó ti fi nǹkan sínú láfún fún ẹṣin jẹ.

Rọra nìkan ni kò gbà. Ó ní bóyá orí àpáta ni. Ó yíjú sí mi níṣojú gbogbo wọn: "Àǹtí, ẹ ò jọ̀wọ́ ìjánu lọ́jọ́ yẹn, àbí?"

Gbogbo ojú wá sára mi. Mo ní, "Rárá o. Mo dì í mú."

Ó yíjú padà sí bàbá rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́? Àǹtí dì í mú." Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ká ní ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì ni, bóyá — irọ́ ni. Màá tún purọ́.

Àbámẹ́ta, 11/2/89

Àkànjí kú kílẹ̀ tó mọ́. Wọ́n gbẹ́ kòtò fún un lẹ́yìn ilé. Gàníyù bọ́ fìlà, ó wọ inú kòtò lọ, òun fúnra rẹ̀ ló tú ìjánu kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Rọra," ló ń sọ fún òkú ẹṣin. "Rọra." Ẹkún gbé e.

Mi ò ní fi orúkọ yẹn pè é mọ́.

Àìkú, 12/2/89

Mi ò lè jẹun. Àǹtí ní ibà ni, ó se àgbo fún mi. Ó korò. Mo mu ún tán, ó tọ́ sí mi.

Ọjọ́ Ajé, 13/2/89

Wọ́n pe Màmá Abíọ́nà sí iwájú ilé Baálé. Bàbá Ẹlẹ́ṣin ò sọ pé òun ló ṣe é. Ó ní kó ṣáà wẹ ara rẹ̀ mọ́. Kùránì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Obìnrin náà ní Ògún ni ọkọ òun bọ títí dọjọ́ ikú, Ògún lòun náà mọ̀, kí wọ́n gbé irin wá. Wọ́n lọ mú àdá ọkọ rẹ̀ wá láti ilé. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó tú gèlè, gbogbo orí funfun, ó fi eyín kan irin. Ó ní, "Bí mo bá fún ẹṣin yìí ní láfún, bí mo bá rán ẹnikẹ́ni kó fún un, kí Ògún má jẹ́ kí n rí ìkórè tó ń bọ̀." Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó gbé àdá, ó lọ. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

Wọ́n ní ó ti búra, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Ọ̀nà ilé la ṣì wà tí obìnrin kan fi sọ pé ìyàwó ọdẹ mọ ohun tí èèyàn ń jẹ kó tó búra, tí irin ò fi ní mú un. Àwọn yòókù mi orí.

Mo wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yìn Àǹtí ni mo dúró sí.

Ìṣẹ́gun, 14/2/89

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sórí àpáta. Àwọn obìnrin ti kó láfún wọn jìnnà sí ti Màmá Abíọ́nà. Tirẹ̀ dá wà ní igun kan, òun náà sì dá wà níbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ yí i. Mo kí i láti òkèèrè. Ó dáhùn, ó ní ṣé dáadáa ni mo wà. Mo sáré kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn tó ń ra láfún ń gbé ọkọ̀ wá láti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Àǹtí ní ìròyìn ti dé etí wọn, kò ní sí ẹni tó máa ra tirẹ̀. Iṣẹ́ gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló wà nínú láfún yẹn. Bí wọn ò bá rà á lọ́dún yìí, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀? Orúkọ tó ti bàjẹ́ nídìí oúnjẹ, ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn.

À ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí. Ó ní, "Ìwọ ń padà sí Ìbàdàn. Èmi ni mò ń gbé àárín wọn." Ó tún ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́, Kíkẹ́." A ṣa ẹ̀wà náà tán.

Ọjọ́rú, 15/2/89

Mo lọ bá Bàbá Ẹlẹ́ṣin. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un: fọ́tò, láfún, ìborùn, omi odò, irọ́. Ó ń ka tẹ̀sùbáà lọ títí mo fi sọ̀rọ̀ débi omi, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró.

Mo rò pé yóò lé mi jáde. Ó ní, "Àlejò kì í jẹ̀bi nílé mi. Dìde." Mo ní Màmá Abíọ́nà ńkọ́, Bàbá? Ó ní ó ti búra, irin ò mú un, kí ló tún kù? Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọmọ mi, èmi ni mo ní kí opó wá kúnlẹ̀ níta. Bí o bá tú ọ̀rọ̀ yìí síta, èmi ni màá lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Wo irùngbọ̀n mi. Máa lọ sí Ìbàdàn ní àlàáfíà."

Gàníyù sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Kò mọ ohun tí mo bá wá. Ó ń dúpẹ́ pé mo wá bá wọn kẹ́dùn ẹṣin.

Mo lè gba ilé lọ lọ́la. Àgbà méjì ti ní kí n dákẹ́, ọmọ tó bá sì gbọ́rọ̀ sí àgbà lẹ́nu kì í kábàámọ̀ — ohun tí wọ́n fi tọ́ mi nìyẹn. Mo tilẹ̀ ti di ẹrù mi. Bí ara ṣe tù mí nígbà tí bàbá yẹn ní kí n dìde, ẹ̀rù ara mi bà mí.

Ọjọ́bọ̀, 16/2/89

Inú ọkọ̀ Ìbàdàn ni mo ti ń kọ èyí, ó ṣì ń dúró de èrò.

Mo kọ́kọ́ gba orí àpáta lọ. Ọkọ̀ àwọn oníláfún ti dé etí títì, wọ́n ń wọn láfún sínú àpò, ariwo gba gbogbo ibẹ̀. Màmá Abíọ́nà jókòó ti àpò tirẹ̀, kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀. Gàníyù náà wà níbẹ̀, ó ń bá wọn ru àpò lọ sídìí ọkọ̀. Kò ní ẹṣin mọ́, orí ara rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́.

Mo kúnlẹ̀ síwájú obìnrin náà. Mo pariwo kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Èmi ni! Èmi ni mo jọ̀wọ́ ìjánu. Orí àpáta yìí ni ẹṣin ti jẹ láfún. Mo nu ẹnu rẹ̀, mo rí i tó ń mumi, mo dákẹ́. Gàníyù bi mí, mo purọ́ fún un. Màmá yìí ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ẹnìkan figbe ta: "Yéè! Èmi tí mo ti ń gégùn-ún fún ewúrẹ́ aláìṣẹ̀!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gàníyù sọ àpò orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó wò mí. Mo retí kó bú mi, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé wọn lọ, bóyá bàbá rẹ̀ ló fẹ́ lọ bá. Oníbàárà kan láti Abẹ́òkúta rọra bẹ̀rẹ̀ sídìí àpò Màmá Abíọ́nà, ó bu láfún díẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó béèrè iye. Màmá Abíọ́nà ò tilẹ̀ wò ó. Èmi ló ń wò.

Ó ní, "Ìwọ nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

"Lọ́jọ́ tí mo fi eyín kan irin, gbogbo wọn ń wò mí bí ẹni ń wòran. Ìwọ nìkan ni mo rí lẹ́yìn Mùnírátù tí omi ń dà lójú rẹ." Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Mo ní àlejò yìí mà láàánú o. Mo béèrè orúkọ rẹ, wọ́n ní Kíkẹ́lọmọ. Láràárọ̀, tí mo bá ti jí, mò ń fi orúkọ náà súre kí n tó kan àwọn ọmọ tí mo bí. Mo ṣe é lónìí kí n tó wá síbí."