Ojú Idì Tí Bàbá Wa Fi Ọwọ́ Ara Wọn Yà

Ní ọdún 1943 ni a bí bàbá wa, tí gbogbo ibi iṣẹ́ mọ̀ sí Bàbá Ẹyẹ. Káfíńtà ni bàbá wọn, ìyá wọn ń sin adìyẹ. Bàbá ń rákòrò lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé ni àṣá já wálẹ̀ gbé òròmọdìyẹ, tí èékánná rẹ̀ sì fa orí wọn ya. Ojú ọgbẹ́ jinná, ẹ̀rù ò lọ. Láti ìgbà náà, fìlà kì í kúrò lórí wọn, àní nínú yàrá.

Iléèwé ni a ti mọ̀ pé wọ́n mọ àwòrán yà dáadáa. Ní 1965, wọ́n wọṣẹ́ níbi tí a ti ń tẹ sítáǹbù tí à ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Kí ni ọ̀gá kọ́kọ́ gbé fún wọn? Àwọn ẹyẹ apẹranjẹ: àṣá, àwòdì, igún. Bàbá ya ìyẹ́, wọ́n ya èékánná, ṣùgbọ́n bó bá kan ojú, wọ́n á gbé gègé sílẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ní 1969, wọ́n fẹ́ ìyá wa, aránṣọ. Ìyá ló ń bá wọn ya ojú ẹyẹ sí àwòrán nílé, Bàbá á wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á kẹ̀yìn sílẹ̀kùn.

“Ṣé ó ti ń wò?”

“Èmi ló ń wò, ọkọ mi. Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun.”

Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́ pé Ìyá ló ń ya ojú. Bàbá kì í pa àdúrà òwúrọ̀ jẹ, wọ́n sì ń tún àga àwọn aládùúgbò ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá wa kú ní 2019. Kò pẹ́, ibi iṣẹ́ bẹ Bàbá pé kí wọ́n ya idì kan, bí wọ́n tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Idì náà wà lórí tábìlì láìlójú, wọ́n fi aṣọ bò ó. Bàbá ò jẹun dáadáa mọ́. Wọ́n pe ọmọ wọn obìnrin kó bá wọn fi ojú sí i, ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì bo òun náà, ó ju gègé sílẹ̀, ó sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò lè ṣe é.”

“Kò burú. Dúró síbẹ̀, bá mi ṣọ́lẹ̀kùn.”

Bàbá ṣí fìlà, wọ́n jókòó, wọ́n mú gègé. Ọmọ kẹ̀yìn sílẹ̀kùn.

“Bàbá, ṣé ó ti ń wò?”

“Ó ti ń wò. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí.”

Sítáǹbù náà jáde kí wọ́n tó dákẹ́ ní 2021. Wọ́n fi ọmọ méjì àti ọmọ-ọmọ márùn-ún sílẹ̀. Sítáǹbù idì náà la lẹ̀ mọ́ ìwé tí a fi pè yín síbi ìsìnkú yìí. Bí tiyín bá wọ́, ẹ jọ̀wọ́: ọmọ wọn obìnrin ló lẹ̀ ẹ́, ó dijú ni.

Ẹ sùn re, Bàbá Ẹyẹ. Ẹ ṣí fìlà sílẹ̀. Kò sí ohun tí yóò já lé yín lórí mọ́.