Ìwé Nọ́ńbà Rẹ Kò Jóná

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìwé nọ́ńbà rẹ kò jóná. Mo fẹ́ kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ kí n tó kí ọ, torí mo mọ ara mi. Bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, n ó kí ọ títí dé ìsàlẹ̀ ìwé, n ó fọwọ́ sí i, n kò sì ní sọ ohun tó jókòó lé mi láyà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni mo sọ fún ọ pé mo ti jù ú síná lẹ́yìn ilé ìwé. Irọ́ ni mo pa. Inú àpótí ìwé ẹ̀rí mi ló wà, lábẹ́ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì mi, ìyá rẹ gan-an kò mọ̀.

Ó yá, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ìyá rẹ wà pa, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. A tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe, ó ṣì ń jò, àmọ́ ibòmíràn ló ti ń jò báyìí, kápẹ́ńtà sì ní ká máa dúpẹ́ pé nǹkan ń yí padà. Àdúrà wa lórí rẹ ni pé kí orí má fọ́ ọ nídìí ìṣirò, kí ojú rẹ má sì ṣe bàìbàì níwájú ẹ̀rọ.

Àlàyé tí o ṣe fún wa lórí fóònù nípa iṣẹ́ rẹ, mo rò ó títí. O ní ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ ń ṣe yẹn ló ń bá àwọn onímọ̀ ìṣirò yẹ nọ́ńbà wò, tó ń sọ èyí tó ṣeé pín àti èyí tí nọ́ńbà kankan kò lè pín dọ́gba àfi ení àti òun fúnra rẹ̀. Ìyẹn yé mi, èmi náà kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni pé ẹ kì í tà á. O ní ẹnikẹ́ni lágbàáyé ló lè ṣí i, kó kà á láti òkè délẹ̀, kó sì tún ibi tí kò bá dára ṣe. Ìyá rẹ bi mí bóyá wọn kò ti tan ọmọ òun jẹ. Nígbà tí o tún ní àwọn tó ń bá yín tún un ṣe lé ní irinwó, ńṣe ló dìde tó fọ gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì ilé yìí, ó ní yàrá kan ṣoṣo lọmọ òun ní, ibo ló fẹ́ kó irinwó àlejò sùn sí. Mo fi í lọ́kàn balẹ̀ pé wọn kò lè wá lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á máa tẹ̀ lé ara wọn wá díẹ̀díẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ló wà nínú àpò tí dírẹ́bà gbé wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé mú èyí tó nípọn.

Lẹ́yìn náà lo sọ ohun tó ń dùn ọ́. O ní tíṣà kan lókè òkun kọ̀wé pé ìṣirò òun ń jáde lódìlódì bí òun bá fi ètò yín ṣe é, kò sì mọ nọ́ńbà tó ń bà á jẹ́. Ẹ ti wá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ kò rí i. Bí oṣù yìí bá fi parí, ẹ kò ní gbé èyí tuntun jáde, ìwọ tí wọ́n fi ṣe aṣáájú á sì gbé ipò náà fún ẹlòmíràn. Ohùn rẹ wálẹ̀ bí o ṣe ń sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ohùn yẹn rí, mo sì mọ ẹni tó fà á nígbà náà.

Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ ẹnikẹ́ni ló lè tún un ṣe, èmi náà ẹnikẹ́ni ni mí. Mo mú báírò pupa mi, mo lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ báǹkì, mo ní kó bá mi tẹ iṣẹ́ ọmọ mi jáde. Ó ní ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ojú ìwé, ṣé ògiri ilé ni bàbá fẹ́ fi lẹ̀ ni. Ni mo bá ní kó tẹ ibi tó kan àwọn nọ́ńbà aláìṣeépín nìkan. Ó jẹ́ ojú ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo sì máàkì gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ọmọ mi, ta ló kọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní àròkọ? Lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, wọn kì í fi àmì ìdánudúró sí i, wọ́n á kàn máa sún ìlà sínú bí ẹni tó ń sá fún etí ìwé. Àmọ́ mo gbóríyìn fún ẹni tó ń pa àkámọ́ dé, kò gbàgbé ẹyọ kan. Mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni mo fún wọn. Ní ojú ìwé kẹtàdínlógún, ẹnì kan kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé èyí ti tó fún àwọn nọ́ńbà kéékèèké, àwọn máa tún un ṣe tó bá yá. Mo kọ “Nígbà wo?” sí i, mo sì fàlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọbìnrin náà rí i pé n kò fẹ́ lọ, ó ní kí n kúkú bi ètò náà fúnra rẹ̀. Ó fà á wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, n kò tíì sín tán tó fi dé. Mo kí ẹ̀rọ náà. Ọmọbìnrin náà ní kò pọn dandan. Mo ní bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Ibẹ̀ ni ìwé rẹ ti wúlò. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e sínú láílọ́ọ̀nù, mo sì fi jáńpá mi bò ó kí ìyá rẹ má baà rí i. Gbogbo nọ́ńbà tí o yẹ̀ wò lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, láti orí èjì títí dé ẹgbẹ̀ẹ́dógún, ni mo ń pè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ọmọbìnrin náà ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, tí ìwọ àti ẹ̀rọ sì ń gbà fún ara yín. Ọ̀sán mẹ́ta la fi ṣe é. Àwọn tó fẹ́ ṣe ẹ̀dà ìwé to sẹ́yìn mi, wọ́n ń kùn, ọ̀kan ní ṣé nọ́ńbà fóònù gbogbo ìlú ni bàbá yìí ń wá ni. Ní ọ̀sán kẹta, a dé orí 2047. Ẹ̀rọ ní kò ṣeé pín. Ìwé rẹ ní mẹ́tàlélógún lọ́nà mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.

Mo fò sókè. Fìlà mi já bọ́ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì gbé e mì dé ìdajì kí wọ́n tó fà á yọ. Mo bọ ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, mo bọ ẹni tó ń kùn náà lọ́wọ́, mo rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi gbé omi fún mi. Wọn kò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìwọ mọ̀ ọ́n.

Nọ́ńbà yẹn náà ni mo kọ sójú pátákó lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò ilé ìwé wá sí kíláàsì wa, tí mo ní nọ́ńbà kankan kò lè pín in. O nawọ́ sókè, o ní kò rí bẹ́ẹ̀, sà, o sì sọ ohun tó pín in. Ìwọ lo gbà á, mo sì mọ̀ kí o tó jókòó. Síbẹ̀ mo ní irọ́ lo ń pa, mo ní kí o lọ kọjú sí ògiri, mo sì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ nítorí ojú alábẹ̀wò. Láti ọjọ́ yẹn o kò ṣírò níwájú mi mọ́. Fọ́ọ̀mù yunifásítì rẹ pàápàá, ilé àǹtí rẹ lo ti lọ kọ ọ́ kí n má baà rí ohun tí o fẹ́ kà. Èmi ni mo ṣe é. N kò ní àwáwí.

Ọmọbìnrin náà ní kí n kọ àṣìṣe ẹ̀rọ náà síbi tí ẹ ń gbà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n béèrè orúkọ, mo kọ ọ́, wọ́n ní ẹlòmíràn ti ń jẹ́ ẹ. Mo béèrè ibi tí ọkùnrin náà ń gbé, ó lè jẹ́ mọ̀lẹ́bí, wọn kò dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé àwòrán mẹ́sàn-án síwájú mi, wọ́n ní kí n fi hàn pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ, kí n mú èyí tó ní afárá. Mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ díẹ̀ kí n múra ìdánwò náà sílẹ̀. Mo sì pè ọ́ lórí fóònù náà, o rántí pé mo kàn bi ọ́ bóyá òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín, mo sì gé e. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ẹnu jáde, àfi ọwọ́.

O mọ̀ pé n kì í parí lẹ́tà láìtọrọ owó. Lọ́tẹ̀ yìí, owó báírò pupa nìkan ni, torí ojú ìwé tó kù lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, mo sì fẹ́ máàkì rẹ̀ tán. Ọlọ́run á fi ìmọ̀ rẹ gbé ọ ga. Ẹni tó bá ní o kò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ rẹ á dá a lóhùn kí o tó yanu. Ẹni tó bá sì ní kí o kọjú sí ògiri, ògiri náà á di ilẹ̀kùn fún ọ.

Inú bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn yẹn ni mo wé ìwé rẹ sí. Ṣí ojú ìwé kejìlélógójì, ibi tí 2047 wà. Mo fa ìlà pupa méjì kọjá ara wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé o kò gbà á. Mo ti fi bíléèdì ha á kúrò, bébà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Mo fi àmì pé o gbà á sí i, mo kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, mo sì fọwọ́ sí i bí tíṣà rẹ. Gbà á, ìwé rẹ ni.

Èmi,
Bàbá rẹ