'Was' Tí Alhaja Kò Fẹ́ Sọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ níbí ní Bódìjà, kí ẹ gbà á bíi pé iwájú yín gan-an ni mo wà. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Fúnmiláyọ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Ara mi le. Òjò Ìbàdàn nìkan ló ń bá wa fà á: tó bá ti ń rọ̀ sórí páànù kíláàsì wa, ariwo rẹ̀ a bo ohùn mi mọ́lẹ̀, a ó sì jókòó máa wo ara wa títí yóò fi dá.

Nígbà tí ẹ pè mí lọ́jọ́sí, ẹ ní àwọn ará Ìkàrẹ́ ń bi yín pé iṣẹ́ wo gan-an ni mo ń ṣe níbí. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn gbé lẹ́tà yìí jáde, kí àwọn náà lè rí i kà. Àwọn àgbàlagbà ni mo ń kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Àgbowó. Owó ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bùkátà.

Ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í tán, ọ̀rọ̀-ìṣe ló sì máa ń dà wọ́n láàmú jù. Lédè tiwa, mo lọ lánàá, màá lọ lọ́la, "lọ" náà ni. Wọ́n á ní kí ló wá ṣe "go" tó fi di "went", bí ẹni tó sá kúrò nílùú tó lọ pa orúkọ dà? Ọkùnrin kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ìwó Road bi mí pé kí ló dé tí a kì í sọ pé "Did you ate?", ṣebí àná la jẹun. Mo ní "did" ti ru ẹrù àná, "eat" kò ní láti rù ú mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ó yé òun, òun náà ní alábàárù.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn fún yín ni Alhaja Sìfáwù. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n, wọ́n ń ta léèsì ní Dùgbẹ̀. Ọmọbìnrin wọn wà ní Kánádà. Àmínà, ọmọ tí ó bí síbẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Tí ọmọ náà bá pè, ẹ̀rín ni Alhaja á máa fi dá a lóhùn títí fóònù á fi gé. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ọmọ ọmọ àwọn mọ àwọn sí ẹ̀rín lásán. Ìdí tí wọ́n fi wá bá mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kí kálukú sọ̀rọ̀ nípa ará ilé rẹ̀. Alhaja dìde, wọ́n ní, "My husband is a good man." Mo mọ̀ pé Alhaji ti ṣaláìsí. Mo ní kí wọ́n sọ pé "was". Wọ́n béèrè ìdí, mo ní torí pé Alhaji kò sí mọ́ ni. Alhaja ní láti ọjọ́ tí ọkọ àwọn ti kú ni àwọn ti ń sọ pé èèyàn dáadáa ni, Yorùbá kò sì dá àwọn dúró rí. Wọ́n ní bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ kí àwọn fi ẹnu ara àwọn sin ín lẹ́ẹ̀kejì, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n jáde.

Ìyá mi, ó ṣe mí lọ́jọ́ náà bíi kí n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Èrò pọ̀ nílùú yìí, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ohun tí mo sọ bá òfin Gẹ̀ẹ́sì mu, ṣùgbọ́n mi ò sọ òfin náà tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá wọn ní Dùgbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ láàárín léèsì, mo ní "was" wà fún ìwà tí èèyàn hù nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ikú kì í já okùn ìbátan. Bí Àmínà bá béèrè Alhaji, kò sí olùkọ́ tó lè ní kí wọ́n má sọ pé "He is your grandfather". Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, wọ́n sì fa àga fún mi.

Kò pẹ́ sí i, Àmínà pè nígbà tí a wà ní kíláàsì. Alhaja fi í sí sípíkà. Ọmọ náà béèrè ọkùnrin tó wà nínú fọ́tò pálọ̀ wọn ní Kánádà. Alhaja wúkọ́ díẹ̀.

"He is your grandfather," ni wọ́n wí. "He was a good man. When rain fell, he carried your mother to school."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Did he carry you too, Grandma?"

Alhaja ò wo ojú mi rárá. Omi ti ń bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n ohùn wọn dúró ṣinṣin: "Yes. He carried me too."

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́, orí mi ń wú. N kò tíì fi iṣẹ́ kankan yangàn báyìí rí láyé mi.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹsẹ̀ yín kò ní gbọ̀n nínú ilé, ẹnu yín ni ẹ ó fi jẹ èrè wa. Ẹ kí gbogbo agbo ilé, ẹ kí àwọn tó béèrè mi àti àwọn tí kò béèrè.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéọlá.