Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ẹ̀rọ Ìjórin Karimat Tí Ó Wà Ní Àkámọ́ Yín

Agbo Ilé Àgbàrá,
Bẹyẹrúnká,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Bélú, Ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ààbò Iṣẹ́ Ọwọ́,
Agodi,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN ÌWÉ TÍ Ẹ KỌ LÓRÍ KARIMAT, JÓRINJÓRIN, YẸ̀ WÒ, KÍ Ẹ SÌ DÁ Ẹ̀RỌ RẸ̀ PADÀ

1. Mo kí yín, mo kí gbogbo ìgbìmọ̀. Orúkọ mi ni Sàídì Àlàbí. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ jórinjórin ní ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ kí ojú tó ní kí n sinmi. Èmi ni mo kọ́ Karimat, obìnrin tí ẹ gba ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀, níṣẹ́. Nínú ìwé yín ti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀wàrà, ẹ ní àìbìkítà rẹ̀ ló dá iná sílẹ̀ nílé kan lẹ́bàá Mápó. Ẹ pàṣẹ pé kí ó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ó lọ tún ẹ̀kọ́ ààbò kọ́, kí ẹ tó dá ẹ̀rọ náà padà. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ìwé náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́kàn mi.

2. Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ bí iṣẹ́ yìí ti rí nígbà tiwa. Ní Bẹẹrẹ tí mo ti kọ́ṣẹ́, ẹ̀rọ ìjórin kì í rìn. Ọkùnrin mẹ́fà ló ń tì í wọlé, ibi tí wọ́n bá sì gbé e kalẹ̀ sí náà ni yóò gbó sí. Àwọn ènìyàn ló ń ru gééètì àti bẹ́ẹ̀dì onírin wá bá wa láti Òkè Bọ́lá àti Yemẹtu. Wọn a jókòó sórí báńkì, wọn a máa tàkúrọ̀sọ títí iṣẹ́ wọn yóò fi tutù. Wáyà ẹ̀rọ wa nípọn tó àtàǹpàkò. Bí ọjọ́ bá rọ̀, ọ̀gá mi, olóògbé Lásísì, yóò wá wo bí kálukú ti ká wáyà rẹ̀. Èyí tí kò bá rí roboto, yóò fẹsẹ̀ tú u, a ó sì tún un ká. Ó máa ń sọ pé wáyà tí ó bá wà nílẹ̀ wúruwùru, ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́ ló ni ín. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà púpọ̀. Títí di òní, bí òórùn irin jíjó bá kan imú mi, àárò ìgbà náà a máa sọ mí.

3. Ẹ̀rọ ti Karimat yàtọ̀. Kò ju àpótí kékeré lọ, èjìká ló ń gbé e kọ́, iná ilé oníbàárà ló sì ń lò. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Ọ̀wàrà, opó kan tí à ń pè ní Ìyá Kúlúsúmù ní kí ó wá jó gééètì òun tí ó já. Mo ń ti Ọjà'ba bọ̀, mo yà síbẹ̀. Mo rí i pé ó ti gbá àkísà àti ewé gbígbẹ kúrò nídìí gééètì, ó sì ti gbé yanrìn bókẹ́ẹ̀tì kan sí tòsí. Orí pákó gbígbẹ ló gbé ẹ̀rọ lé, ó jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí ògiri kí atẹ́gùn lè ráyè. Ó ha ibi tí irin ti dógùn-ún kí ó tó fi ẹnu áàtì, wáyà tí ń dá iná padà sínú ẹ̀rọ, há a. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ gbẹ, gíláàsì dúdú wà lójú rẹ̀. Ó sì tú gbogbo wáyà ẹsitẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, láti sọ́kẹ́ẹ̀tì inú pálọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà.

4. Wáyà yìí ni ó bí mi nínú. Ó wà nílẹ̀ wúruwùru níwájú oníbàárà, lójú ọ̀nà tí àwọn àgbà ilé ń gbà kọjá. Ojú tì mí bí ẹni pé Lásísì ń wò mí. Mo ní kí ó ká a. Ó rọra sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, wáyà yìí ò nípọn. Tí mo bá ká a, tí ẹ̀rọ ń fa iná, ó máa gbóná." Mo bi í lójú gbogbo ènìyàn bóyá òun ni yóò wá kọ́ mi níṣẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ká a roboto, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí wọ́n fi ti ògiri pálọ̀. Inú mi dùn. Mo jókòó, mo gba omi mu.

5. Kò pẹ́ tí èéfín fi yọ. Wáyà ti yọ́ mọ́ra wọn, ẹní ti gbiná, kọ́tìnnì ti ń jó. Karimat ni ó sáré pa iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará ilé gbé omi dé, òun ni ó ní kí wọ́n má tíì dà á, ó sì fi yanrìn pa iná náà. Kò sí ẹni tí ó fara pa. Gbogbo àkókò yìí, mo dúró lójú kan pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́.

6. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yín dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n béèrè ẹni tí ó ká wáyà. Karimat ní òun ni. Kò purọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ká a. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ kì í nàka sí ọ̀gá rẹ̀, bó ti wù kí ó pẹ́ tó tí ó ti gba òmìnira. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo wọ́ ọ, mo sì dákẹ́ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

7. Láti ìgbà tí ìwé yín ti dé, àràárọ̀ ni Karimat ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi gẹ́gẹ́ bí ẹ ti pàṣẹ. Yóò gbálẹ̀, yóò jókòó, yóò máa dúró kí n kọ́ òun. Kò tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rí. Iṣẹ́ yìí ni ó fi ń bọ́ ọmọ méjì, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti ń pe ẹlòmíràn. N kò rí nǹkan kan kọ́ ọ. Gbogbo ohun tí ó yẹ kí n kọ́ ọ ni ó ti ṣe lójú mi lọ́jọ́ náà, èyí tí mo fi kún un ni ó dá iná sílẹ̀.

8. Nítorí náà, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé náà, kí ẹ kọ tèmi sí i, kí ẹ sì dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. N kò ní kí ẹ fagi lé oṣù mẹ́fà tí ẹ dá. Èmi ni kí ẹ dá a fún. Ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò náà lọ́dọ̀ Karimat.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí arúgbó.

Èmi ni tiyín,

Sàídì Àlàbí,
Alága Àná, Ẹgbẹ́ Jórinjórin, Ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ.