Ohun Tí Mo Sọ Níwájú Àwọn Ọmọ Ìjokò

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí ìyá mi àti gbogbo ará ilé wa ní Ìwó. Ara mi le. Òjò ló sọ ọ̀nà Ìjokò di ẹrọ̀fọ̀, bàtà lọ́wọ́ ni mo ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ bisikíìtì l'Ọ̀tà. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Sátidé nìkan ni ara máa ń tù mí, nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìwé kíkà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ka ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan sọ ní Amẹ́ríkà níjọ́un, níwájú èrò rẹpẹtẹ, nígbà tí wọn kò jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ bá òyìnbó kàwé pọ̀. Ó ka gbogbo ohun rere tó ń retí síta. Àwọn ọmọ ń fi orin kà á bí ẹni ń ka a-b-d!

Mo ní kí kálukú sọ ohun tí òun náà ń retí. Wọ́n ń ti ara wọn síwájú, àwọn aláriwo wọ̀nyí. Rọ́fíà, ọmọ télọ̀ iwájú ilé wa, ló sọ pé ìyá òun ní èèyàn kì í sọ èrò ọkàn rẹ̀ síta, kí ayé má bàa bà á jẹ́. Ó ní ṣé ọkùnrin yẹn kò ní ọ̀tá ni? Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀yin náà ńkọ́, tí ẹ kọ́lé kan òrùlé kí àwa ọmọ yín tó mọ̀?

Mo ní kí wọ́n tún un kà, kí wọ́n wo àwọn tí ọkùnrin náà ń fẹ́ ohun rere náà fún. Rọ́fíà fi ìka tọ ìlà lọ, ó ní kì í ṣe tara rẹ̀ nìkan, ti gbogbo wọn ni. Ó ní tí kò bá sọ ọ́, báwo ni àwọn tó máa bá a ṣe é ṣe máa mọ̀? Bàbá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Ni wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan fẹ́ omi ẹ̀rọ, òmíràn fẹ́ kí wọ́n ṣe gọ́tà àdúgbò. Rọ́fíà kò fẹ́ kí wọ́n yọ ọmọ kankan kúrò nílé ìwé mọ́ nítorí iṣẹ́ ọwọ́. Gbogbo wọn wá kọjú sí mi, wọ́n ní ó ku àǹtí.

Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ fi iléeṣẹ́ sílẹ̀, kí n lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ bẹ Ẹ̀gbọ́n Wàhábì kí wọ́n bá mi wá iṣẹ́ yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ẹ má pè mí ní aláìmoore. Mo kọ lẹ́tà yìí síta gbangba, kí gbogbo Ìwó lè kà á, kí wọ́n sì bá mi bẹ̀ yín.

Ẹ kí àwọn àbúrò mi àti àwọn ará mọ́sáláṣí. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, ẹ ó jèrè gbogbo wa. Mi ò ní lọ láìgba àdúrà yín, Bàbá. Ẹ ṣáà ní kí n máa lọ.

Ọmọ yín,
Mùínátù