Bẹ́ẹ̀dì Tí Kò Ní Àpá Eyín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdúró ti igi. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera, kí ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti rọjú, kí ayùn yín máa mú bí ọjọ́ tí ẹ rà á, kí Màmá sì ti bá yín rí awò ojú yín tó wà lórí yín láti àárọ̀.

Ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí mo fi kọ̀wé bí ará àtijọ́ nígbà tí fóònù wà. Yàrá kan ṣoṣo la ní níbí, ohunkóhun tí mo bá sọ, etí ìyàwó mi ló máa kọ́kọ́ wọ̀. Lọ́dọ̀ tiyín náà, Màmá kì í jẹ́ kí fóònù yín sọ̀rọ̀ sétí ẹnì kan. Gbogbo ilé ló máa ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti gbogbo ilé. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ara ọmọ ọmọ yín ń gbóná láti àná, mo sì ní ìdí tí ìgbóná yìí fi já mi láyà ju bó ti yẹ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sétí Màmá, kí wọ́n má lọ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ láìjẹun sùn.

Ẹ ti mọ̀ pé ní ibi tí a wà yìí, tí nǹkan bá ti sú àwọn èèyàn, iwájú ilé ni wọ́n ń gbé e sí, ẹni tó bá wù á gbé e lọ. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, ojú máa ń tì mí láti wò ó. Nílé, ẹni tó bá ń ṣa nǹkan lẹ́bàá títì, ẹbí rẹ̀ ni wọ́n á ránṣẹ́ pè. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í ṣe àga, a kò lè jókòó lé e. Tábìlì tí a fi ń jẹun báyìí, ilẹ̀kùn ni tẹ́lẹ̀. Àpótí èso ni mo kàn mọ́ ògiri tí a ń to àwo sí. Ìyàwó mi fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó rán kọ́tìnì, ó fi ìyókù rán ẹ̀wù tó ń wọ́lẹ̀ bíi ti olóyè fún mi, ó wá sọ mí ní Baálẹ̀ Ààtàn. A ń rẹ́rìn-ín, ilé wa sì tù wá lára. Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀ sí tilé. Àwa náà kì í ju nǹkan nù, a máa ń tún un ṣe títí yóò fi di nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n a mọ ọwọ́ tó ti wá. Èyí tí mò ń gbé níbí, mi ò mọ ìtàn rẹ̀.

Nígbà tí oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù rẹ̀, mo rí bẹ́ẹ̀dì ọmọ kan níwájú ilé obìnrin àgbà kan ní òpópónà kejì sí tiwa. Ìkòkò òdòdó ló kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Ìyá Olódòdó la sì ń pè é láàárín ara wa. Bàbá, ẹ bá rí iṣẹ́! Kò sí ìṣó kan lára rẹ̀. Igi wọnú igi ni, ó sì dì mọ́ra gírígírí, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi tí n kò gbọ́. Mo gbé e lé orí, mo ń súfèé bọ̀ wálé. Ìyàwó mi ní, "Baálẹ̀ Ààtàn, tòní yìí yẹ ọmọ ọba."

Ẹ rántí àwọn bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí wọ́n máa ń gbé wá sí ìsọ̀ yín pé kí ẹ tún un kùn nítorí ọmọ mìíràn tó ń bọ̀? Ẹ kì í jẹ́ kí n fi sáńpépà kan igi òkè, èyí tí ọmọ máa ń dì mú tó bá fẹ́ dìde. Àpá eyín ló máa ń wà níbẹ̀, bí ibi tí eku jẹ. Ẹ máa ń sọ pé, "Fi í sílẹ̀. Ìyẹn ló máa sọ fún ọmọ tó ń bọ̀ pé ẹnì kan ti gbé ibí dàgbà." Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá sọ́kàn mi tí mo fi tẹ ọwọ́ sí igi òkè bẹ́ẹ̀dì yìí, tí mò ń wá àpá. Ó ń dán. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé, mo yí i síwá sẹ́yìn, kò sí ibi tí eyín kàn. Mo ní bóyá ọmọ ò tíì sùn sí i rí ni. Àmọ́ ọ̀dà ti bó lápá kan, níbi tí èèyàn máa gbé apá lé tó bá bẹ̀rẹ̀ wo ọmọ. Ẹnì kan ti fara ti igi yẹn títí, ọmọ tó sì ń wò ò dé ìgbà eyín. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ó rẹ̀ mí, mo ká sáńpépà mi.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Ìyá Olódòdó. Ó ń di ẹrù, ó ń kó lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ọjà. Mo dọ́gbọ́n bi í bóyá bẹ́ẹ̀dì náà ní fóòmù. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi kan ṣoṣo ló sùn síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kàn án. Mo lọ jí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò jí." Ó tún ní òun ń wò mí láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ tí mo gbé e, pé mo kọ́kọ́ fọwọ́ pa á lára kí n tó gbé e, inú òun sì dùn. Mo dúpẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Mo gbìyànjú láti gbé e padà síta, Bàbá, mi ò ní purọ́. Mi ò tíì gbé e kalẹ̀ dáadáa tí aboyún tó ń gbé lókè wa fi yọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí n mú un." Mo ní rárá, pé mo kàn ń sá a sóòrùn ni. Ohun tí n kò lè gbé ọmọ tèmi sí, ṣé ọmọ ẹlòmíràn ni kí n wá fún? Mo gbé e wọlé, mo mú ayùn pé kí n kúkú gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ọwọ́ mi kọ̀. Bàbá kan ló jókòó kan igi yẹn pẹ̀lú ayọ̀, bí mo ṣe ń yọ̀ nígbà náà.

Nílé, ta ló ń dá ọmọ jòjòló sùn? Ẹ̀gbẹ́ Màmá ni ìbá máa wà, tó bá sún, wọ́n á gbọ́. Àwọn agbẹ̀bí ibí ní kí á máa tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni bẹ́ẹ̀dì àwa gan-an, pákó tí mo tò jọ ni, kò gba ẹni mẹ́ta. Nígbà tí a bímọ, inú bẹ́ẹ̀dì Ìyá Olódòdó yẹn náà la tẹ́ ẹ sí. Láti ọjọ́ náà mi ò sun oorun àsùnwọra mọ́. Tó bá mí sókè, mo fò dìde. Tí mi ò bá gbọ́ èémí rẹ̀, mo fò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí mo bá wà níbi iṣẹ́ tí mò ń to páálí, ọkàn mi ń bẹ lára igi yẹn. Ọmọ ti ń rákò, ó ti ń di igi mú dìde, ẹ̀rín rẹ̀ sì jọ ti Màmá. Ṣùgbọ́n eyín ò yọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń họ búrẹ́dì jẹ, tèmi ṣì ń fi èrìgì rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ni mo máa ń fọwọ́ ra igi òkè kí n tó jáde, bí wèrè. Àná ni ara rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún un lóògùn, ó ní kí á máa fún un lómi, kí á gbé e padà wá tí kò bá rọlẹ̀. Mi ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí.

Bàbá, mo dá ìwé dúró níbí. Mi ò mọ̀ pé ìyàwó mi ti dúró lẹ́yìn mi, tó ń kà á. Mo rò pé yóò pariwo. Ó kàn ní, "Ṣé o rò pé ìwọ nìkan lo ń fọwọ́ pa igi òkè yẹn lára ni? Ìyá Olódòdó ti sọ fún mi kí n tó bímọ. Mo pa á mọ́ra kí ẹ̀rù má bàa bà ọ́." Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ó ń sùn, ó lajú sílẹ̀, òun náà ń gbọ́ èémí ọmọ, ó sì ń gbọ́ tèmi. A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín kọ́kọ́ gbé wa, ẹkún ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù náà ò lọ o. A kàn jọ ń bá a gbé ni.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ohun tí mò ń béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí á fi ọmọ yìí sílẹ̀ sínú bẹ́ẹ̀dì yìí, àbí kí á gbé e kúrò? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ bá wa dá sí i, ẹ̀yin tí ẹ mọ igi, tí ẹ sì mọ ọmọ.

Ẹ̀mí yín á gùn, ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n lórí ayùn. Ẹ̀yin àti Màmá ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ni yóò bá wa wọ àgbàlá yín, tí yóò da èérún igi yín rú.

Èmi ni,
Ọmọ yín tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ igi dáadáa

Mo gbàgbé, ó tún ku èyí: Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa nígbà tí ìyàwó mi ké pè mí. Ìgbóná ọmọ ti rọlẹ̀, ó sì ti dìde dúró, ó fi ẹnu lé igi òkè, ó ń bínú sí i. A rò pé itọ́ lásán ni. Nígbà tí a fi aṣọ nù ún, àpá kékeré méjì ló wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ dúró gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó ti wọ bàtà, ó ti gba ẹ̀yìn ọjà lọ, ó ní kí Ìyá Olódòdó wá fọwọ́ kàn án.